Kápítéènì Kò Tíì Dé Láti Ojú Omi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹ kì í di èèyàn sínú, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọmọbìnrin tó ni ìtàn náà ló ní kí n kọ ọ́ fún yín. Ó ní kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì bá òun bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún un, ẹ máa bá mi ká lọ.

Gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní yunifásítì ló ń pè é ní Ọmọ Kápítéènì. Òun fúnra rẹ̀ ló fa orúkọ náà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹnì kan bi í pé iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó dáhùn láìro ó lẹ́ẹ̀mejì pé kápítéènì ọkọ̀ ojú omi ni, pé ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ní rí i kó wá kí òun.

Irọ́ gbuu ni. Bàbá rẹ̀ ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì. Ẹsẹ̀ bàbá náà méjèèjì ti rọ láti kékeré, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ti ń ṣe ohun gbogbo. Ìyá ọmọ kú kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Bàbá yìí ló tọ́ ọ. Orí itan rẹ̀, lórí àga yẹn, ló ń gbé e sí lọ sí ilé ìwé. Òun ló tún ń di irun fún un. Ọmọ á jókòó sílẹ̀ láàárín táyà méjèèjì, bàbá á máa di í, á máa kọrin tí kò mọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni ọmọ fi pa mọ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ òótọ́, ìyẹn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Alálàyé ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí tí o bá ní kó sún díẹ̀, á kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tó fi jókòó síbẹ̀. Ìgbà kan ni ibà dá Ọmọ Kápítéènì dùbúlẹ̀, tí Alálàyé ń fi omi tútù nu ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti tú àṣírí fún un.

"Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Ta ni màá sọ ọ́ fún?" Alálàyé ló dáhùn bẹ́ẹ̀. "Sùn, jàre."

Nígbà tí ìsinmi gígùn dé, wọ́n mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ díẹ̀ láti lọ fi ara wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wà nínú wọn. Wọ́n wọ bàálù, wọ́n ya fọ́tò títí ọrùn fi ń dùn wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé ìjà ni wọ́n dì sínú ẹrù lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń tún àga oníkẹ̀kẹ́ ṣe ni wọ́n lọ. Yàrá gbọọrọ kan ni, táyà kéékèèké rọ̀ sára ògiri rẹ̀, òórùn gírísì àti rọ́bà sì kún ibẹ̀. Níta, wọ́n fi kọnkéré ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìsàlẹ̀ ọgbà. Wọ́n fa ìlà funfun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìlà náà, wọ́n to ògbólógbòó táyà ọkọ̀ jọ bí ògiri.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, orí àga ni òun náà wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Onítáyà lójú ẹsẹ̀. Kò kí wọn ju bó ti yẹ lọ. Òfin ló kọ́kọ́ kà fún wọn.

"Ẹni tó bá tún àga ṣe ló máa kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀. Ẹ máa jẹ́ kó yí sọ̀kalẹ̀ níbí yìí, ẹ ó fa bíréèkì kó tó dé ìlà funfun. Tí ìdí tiyín ò bá lè gùn ún, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e fún ìdí ẹlòmíràn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Nǹkan kejì. Ẹ má retí pé wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dúpẹ́. Àga ni wọ́n wá gbà, wọn ò wá kúnlẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké." Ó wá wò wọ́n yíká. "Ta ló ti ti irú àga yìí rí nínú yín?"

Ọmọ Kápítéènì tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tì níbẹ̀ jù ú lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Alálàyé nawọ́ sókè.

"Ìyá, ọ̀rẹ́ mi yìí mọ̀ ọ́n tì dáadáa. Orí àga ni bàbá ẹ̀ wà, láti kékeré ló ti ń tì wọ́n. Àwọn tó ń pè é ní Ọmọ Kápítéènì ò mọ̀ ni. Bàbá náà ò wa ọkọ̀ kankan, aago ni wọ́n ń tún ṣe, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe…"

Ó ń ṣàlàyé lọ títí tó fi rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti jáde tán.

Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan nínú wọn béèrè pé, "Ṣé táyà lọkọ̀ ojú omi ọ̀hún ń lò ni?"

Ẹ̀rín tó sọ, ẹ̀ bá gbọ́ ọ lójú títì. Olùkọ́ tó kó wọn wá gan-an yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Ọmọ Kápítéènì dúró síbẹ̀, ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá, Alálàyé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Má bínú, jọ̀ọ́. Mi ò rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Mo kàn fẹ́ kí ìyá yẹn mọ̀ pé o mọṣẹ́ ni."

"Ó ti tán."

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ní ó ti tán."

Kò tán. Kò tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ rẹ̀ yí padà. Tí wọ́n bá ti ní "Ọmọ Kápítéènì," ẹnì kan á fi ẹnu dún bíi fèrè ọkọ̀, àwọn yòókù á sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rín náà, ó ń kọ wọ́n sí Alálàyé lọ́rùn.

Iṣẹ́ pàápàá ń bí i nínú. Ó tún àga kan ṣe fún bàbá kan báyìí, ó pààrọ̀ táyà rẹ̀, ó nu irin rẹ̀ títí ó fi ń dán. Bàbá náà jókòó, ó tẹ bíréèkì wò, ó ní irin tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sí ti ga jù. Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún un. Ó yí àga padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹ rí i bí?" Ọmọ Kápítéènì ju sípánà sílẹ̀. "A filé sílẹ̀, a fọ̀nà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣíjú wò wá kó ní ẹ kú iṣẹ́!"

Ìyá Onítáyà kò gbójú sókè nídìí irin tó ń tẹ̀.

"Bàbá ẹ tó wà lórí àga, ìgbà wo lo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kẹ́yìn?"

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó mú un ronú. Àbí kí lẹ̀yin rò? Dípò bẹ́ẹ̀, Alálàyé ló wò. Ó ní tí kì í bá ṣe ẹnu rẹ̀, ta ni ì bá mọ̀ pé bàbá òun wà lórí àga, tí wọn á fi máa fi bi òun ní ìbéèrè níwájú èèyàn? Bí inú bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀, kò sí ohun téèyàn ò lè fi kún un.

Ọjọ́ ìyẹ̀wò ńlá wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Olùkọ́ wọn fẹ́ wá wo àga tí oníkálukú tún ṣe. Ti Alálàyé ló dára jù, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Obìnrin aránṣọ kan ló ni àga náà, Alálàyé sì ti fara balẹ̀ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wọn lọ sí yàrá ìjẹun. Ọmọ Kápítéènì gbàgbé ìgò omi rẹ̀, ó padà wá mú un. Àga Alálàyé wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń dán. Sípánà wà lórí tábìlì.

Ó mú ìgò omi. Ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó tún padà.

Ó ń fojú inú wo Alálàyé níwájú olùkọ́, tó ń yí lọ gbirigbiri, tó ń fa bíréèkì tí kò dá nǹkan kan dúró, tó ń ké, tó wá forí sọlẹ̀ láàárín táyà, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń jù lókè. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi dùn wọ́n. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń wá. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín Alálàyé pa tòun rẹ́.

Kò ní kú, ó sọ fún ara rẹ̀. Táyà ló máa gbá.

Ó mú sípánà, ó tú bóòtù tó de bíréèkì tọwọ́ ọ̀tún, ó tú tọwọ́ òsì. Kò yọ wọ́n, ó kàn fi wọ́n há síbẹ̀ kí ojú má rí i. Ó padà lọ jẹun, oúnjẹ náà sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ó dùn.

Ibi tí wọ́n ti jẹun tán ni ọ̀bẹ ti gé Alálàyé lọ́wọ́. Ó fẹ́ gé búrẹ́dì tó kù fún ẹlòmíràn ni. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n mú un lọ wé e.

Ìgbà tí gbogbo èèyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, tó kan àga aránṣọ, Alálàyé ò tíì dé.

"Ọmọ Kápítéènì," Ìyá Onítáyà pè é, "bá ọ̀rẹ́ ẹ gùn ún wò."

Ó fà sẹ́yìn.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, Ìyá."

"Ìdí lo máa fi jókòó, kì í ṣe ẹsẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní inú tún ń run òun. Ìyá Onítáyà wò ó, ó wò ó dáadáa.

Aránṣọ náà wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti ń gbójú wo oòrùn.

"Iṣẹ́ oníṣẹ́ ń dúró dè mí nílé o. Ẹ jẹ́ n gùn ún fúnra mi. Àga mi ṣáà ni."

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òfin ò gbà á, ó ti gbé ara rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì bọ́ sínú àga, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tó ti ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́. Ó fa ọmọ rẹ̀ sórí itan. Ọmọ náà di apá àga mú lọ́tùn-ún lósì, ó gbé àyà síwájú.

"Ó yá, di í mú dáadáa," ìyá rẹ̀ wí.

Ẹ gbọ́, ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin yìí rántí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun náà ṣe máa ń di apá àga bàbá rẹ̀ mú lọ sí ilé ìwé. Bàbá á fi ẹnu dún bíi fèrè ọkọ̀, á máa pariwo fún àwọn tó wà lọ́nà pé, "Ẹ yà o! Kápítéènì ń kọjá!" Òun á máa rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Kì í ṣe òun ló hùmọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jí i gbé, tó wá fi bo bàbá náà lójú.

Táyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ẹ dá a dúró! Bíréèkì ò ṣiṣẹ́!"

Ó sáré, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àga. Irin tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sí gbá a ní eegun ẹsẹ̀, táyà kan gun apá rẹ̀, àga sì dúró lé e lórí. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọmọ ké tòò, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ṣe é.

Ìyá Onítáyà yí àga tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan bíréèkì, bóòtù sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó mú un sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Mo yẹ àga yìí wò láàárọ̀. Ó le dan-in dan-in." Kò pariwo rárá. "Kò sí ẹni tó tíì gùn ún. Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ọmọ Kápítéènì di eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Mo ní, báwo lo ṣe mọ̀ pé bíréèkì ò ṣiṣẹ́?"

Lórí òkè, lẹ́nu ilẹ̀kùn, Alálàyé dúró pẹ̀lú ìka tí wọ́n wé. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Aránṣọ wo ọmọbìnrin tó wà nílẹ̀ náà.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?" ó bi í. "Kí lọmọ mi ṣe fún ẹ?"

Olùkọ́ fẹ́ fi bàálù tó bá kọ́kọ́ gbéra dá a padà sílé. Ìyá Onítáyà ló kọ̀.

"Tó bá lọ báyìí, ó bọ́ nìyẹn. Á dúró, á máa fojú kàn wá. Láti òní lọ, àga tí ẹnikẹ́ni bá tún ṣe níbí, òun ló máa kọ́kọ́ gùn ún."

Ẹni tó kàn ń wò ó ò ní mọ bí ìyà yẹn ṣe ń dùn ún tó. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó sínú àga tí àwọn tó kórìíra rẹ̀ tò. Kò sí ìgbà tó mọ̀ bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kan bóòtù. Kó tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀, ojú Alálàyé ló máa ń kọ́kọ́ wò. Alálàyé ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó máa ń ṣàlàyé ohun gbogbo, ó wò ó bí ẹni wo ògiri. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bó ṣe fẹ́ gbéra. Ọmọ Kápítéènì sọ fún mi pé láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ń làágùn, omi ń bọ́ lójú òun. Bíréèkì mú ṣinṣin. Kò sí ohun tí Alálàyé ṣe sí i. Ẹ̀rín yẹn náà ló fi gbẹ̀san.

Ibi tí bíréèkì bá ti mú un dúró ṣáájú ìlà funfun, ọ̀rọ̀ kan máa ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìrán an níṣẹ́: "Ẹ ṣé." Ó ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá tún àga náà ṣe. Ó sọ ọ́ fún ọmọkùnrin tó fi í ṣẹ̀sín. Ó sọ ọ́ fún Alálàyé, ìyẹn sì kọ ẹ̀yìn sí i. Òun tó ń bínú pé wọn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, òun nìkan ló wá ń dúpẹ́ ní gbogbo ọgbà náà. Ìyá Onítáyà gbọ́, kò sì kà á léèwọ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sílé, ìyá náà gbé egungun àga kan tí wọ́n ti pa tì sí iwájú rẹ̀.

"Tún un ṣe. Gbé e lọ fún ẹni tó o jẹ ní ẹ ṣé."

Ó tún un ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló gùn ún wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, kò lè lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dúró ní ilé ẹ̀kọ́, ó ń kun àga ní ọ̀dà, ó ń nu ohun tó ti mọ́. Ó ń wá bó ṣe máa fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kápítéènì náà fún un, kó sọ ọ́ lọ́nà tó dáa.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù níkẹyìn, bàbá rẹ̀ dorí kọ tábìlì, awò kékeré tí wọ́n fi ń wo inú aago wà lójú rẹ̀ kan. Kò yọ̀ mọ́ ọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Aago obìnrin kan wà níwájú rẹ̀, ọ̀já rẹ̀ pupa. Ọmọ náà mọ aago yẹn. Ó ti máa ń rí i lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tirẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ ẹ mú aago wá fún mi," bàbá wí. "Kò sóhun tó ṣe aago náà. Àmọ́ ó jókòó pẹ́. Ó ṣàlàyé gan-an."

Ó di apá àga tó gbé wá mú.

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo àga tuntun náà láti òkè délẹ̀.

"Ó ní òfin kan wà níbi tẹ́ ẹ lọ. Gbé e síbẹ̀ yẹn. Jókòó sínú ẹ̀."

Ọ̀nà kọnkéré kan ló da gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù sọdá gọ́tà sí títì, torí àga bàbá ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó jókòó. Bàbá yí àga tirẹ̀ wá sẹ́yìn rẹ̀, ó sì tì í. Kò tì í jẹ́jẹ́. Ó ń lọ, títì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ó fa bíréèkì, táyà sì dúró sétí gọ́tà.

"Ó dáa," bàbá wí. "Dìde."

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ lórí kọnkéré náà níṣojú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ geere.

"Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé tí ẹ gbé mi lọ sílé ìwé. Ẹ ṣé irun mi. Ẹ ṣé gbogbo ẹ̀."

Bàbá ti ń gbé ara rẹ̀ sínú àga tuntun. Ó to ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó tẹ bíréèkì wò.

"Ta lò ń kí?" ó ní. "Ọmọ Kápítéènì ni wọ́n pè ẹ́. Kápítéènì ò tíì dé láti ojú omi. Tó bá dé, màá bá ẹ jíṣẹ́ fún un."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ní bàbá tí ẹ ò lè fi han ọ̀rẹ́ yín, ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ ti kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá sì ní ẹni tí ẹ fẹ́ gbẹ̀san lára rẹ̀, ẹ wo ẹni tó lè jókòó sínú àga náà kí ẹ tó mú sípánà.

Gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀ báyìí. Ó ń gbá ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi afẹ́fẹ́ sí táyà. Kó tó kúrò, á béèrè pé, "Bàbá, ṣé Kápítéènì ti dé?" Bàbá á ní ìjì ń jà lójú omi. Ìgbà mìíràn, á ní ọkọ̀ bàjẹ́.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò béèrè. Ó tú gèlè rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ láàárín táyà méjèèjì bíi ti àtijọ́, ó sì dorí kodò.

Bàbá ń tún aago oníbàárà ṣe lọ. Kò lé e. Kò sì fọwọ́ kan irun rẹ̀.